Géètì Tó Gbọ́dọ̀ Ki Oríkì Kó Tó Tì

Bí ẹ bá rí ẹni tó ní òun ò mọ Olóyè Bùràímọ̀ Àlàní Àrówólò ní Àkrà láyé ìgbà tí Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ẹ bi í léèrè ibi tó sá pamọ́ sí. Kò sí bí èèyàn ṣe lè gbé Kotobabi tàbí Alajo, tàbí kó kàn gba oríta Circle kọjá lọ ra dòkónù, ẹ̀kọ àwọn ará Gánà, kó má gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà. Òun fúnra rẹ̀ ni í kọ́kọ́ pè é. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, yóò ní, "Ẹ bu omi wá fún Àrówólò." Bó bá sín, yóò ní, "Àrówólò sín o," kí àwọn tó wà ní yàrá kejì lè mọ̀, kí wọ́n sì wá kí i.

Àkrà ni wọ́n bí i sí. Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀ ti wá, tó ń kiri abẹ́rẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Mi ò mọ ibi tí ọmọ ti rí tirẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn, tí àga ṣófo káàkiri, Àrówólò jókòó sí ọ̀kan nínú àwọn àga náà, kò sì dìde mọ́. Wọ́n fi í ṣe Olùdarí Àgbà Ilé-iṣẹ́ Ìkóríta Ojú Irin, ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa rí i pé ọkọ̀ ojú irin ò pa èèyàn níbi tí títì bá ti dábùú ọ̀nà rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni o. Àmọ́ orúkọ náà kúrú lójú Olóyè, ló bá fi "Àti Àkókò Gbogbo" kún un, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn.

Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Aago ńlá kan wà lára ògiri ọ́fíìsì náà. Olóyè kì í tètè dé ibi iṣẹ́, ó sì ń bí i nínú pé aago mẹ́jọ ń lù láìdúró de òun. Ó pàṣẹ pé aago mẹ́jọ kò gbọdọ̀ lù ní ọ́fíìsì òun mọ́ títí Àrówólò yóò fi wọlé. Akọ̀wé rẹ̀, Rájí, ni wọ́n fún níṣẹ́ náà: láràárọ̀, bó bá ti kù díẹ̀ kí aago lù, Rájí á ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, á di ohun tó ń jù fìrìfìrì nínú ikùn rẹ̀ mú, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Bí Olóyè bá fẹsẹ̀ kan ilé nígbà tí oòrùn ti gun orí àjà, Rájí á jọ̀wọ́ aago, aago á lù mẹ́jọ, Olóyè á sì bojú wo gbogbo òṣìṣẹ́.

"Ṣé Àrówólò pẹ́?"

"Rárá o, sà! Oòrùn ló sáré jù!"

Rájí yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí inú mi rọlẹ̀, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Ìpọ́nni ni iṣẹ́ ẹ̀. Ó lè pọ́n ewúrẹ́ títí ewúrẹ́ á fi máa wá fìlà. Bí Olóyè bá sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, Rájí á mi orí, á ní, "Ọ̀rọ̀ yìí jìn o, ó dìgbà tí mo bá délé kí n tó lè rí ìdí ẹ̀." Olóyè á sì gbà gbọ́ pé ọ̀rọ̀ òun jìn lóòótọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá wọ ara nìyí. Láàárín Kotobabi àti Alajo, ibì kan wà nígbà náà tí ojú irin dábùú títì. Ojoojúmọ́ ni àwọn obìnrin wa tó ń ta aṣọ, ọṣẹ àti èlò ọbẹ̀ ń gba ibẹ̀ lọ sọ́jà. Ọ̀kan nínú wọn ni Ràbíátù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sẹ̀gi. Ọṣẹ dúdú ló ń tà, èyí tí àwọn ará Gánà ń pè ní àlàtà sàmínà nítorí pé ọwọ́ àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Alata ni wọ́n ti ń rà á. Bàbá arúgbó kan, Kàsímù, ló ń fi àsíá pupa dá èrò àti ọkọ̀ dúró bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀. Kàsímù ń gbìyànjú, àmọ́ ojú ti ń ṣe bàìbàì, oorun ọ̀sán sì ń gbé e. Ọkọ̀ ojú irin ti pa ewúrẹ́ níbẹ̀, ó ti run kẹ̀kẹ́ ológeere kan jégéjégé, ó sì ti gbá ẹrù kúrò lórí obìnrin kan tí obìnrin náà fi dákú. Ìjọba ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ra ẹ̀rọ aṣèṣirò kan láti òkè òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà, ó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta, pé kó máa ti géètì fúnra rẹ̀.

Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀rọ náà níṣẹ́ ni Sẹ̀gilọlá, ọmọ Ràbíátù gan-an. Ìjọba ló rán an lọ kàwé, ó sì gba oyè ẹnjiníà bọ̀. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ náà lọ́wọ́, ojú ìyá rẹ̀ ló ń rò. Ojoojúmọ́ ni ìyá yẹn ń gbé agbada ọṣẹ sórí kọjá níbẹ̀, Sẹ̀gilọlá ò sì ní ìyá méjì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí ọṣẹ, ó ní, "Ìyá, àwọn èèyàn rò pé kí ẹ̀rọ yìí yára ni mò ń wá. Kì í ṣe ìyẹn. Ẹni tó yára lónìí tó sì falẹ̀ lọ́la, ta ló fẹ́ gbára lé e? Ohun tí mò ń bi í ni pé, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ sí i lọ́rùn jù, tí gbogbo nǹkan dojú rú, báwo ló ṣe lè pẹ́ tó? Tí mo bá ti mọ èyí tó pẹ́ jù yẹn, tí mo sì rí i pé géètì á ti tì kí ọkọ̀ tó dé, ọkàn mi balẹ̀."

"Báwo ni àsìkò náà ṣe gùn tó?"

"Irin kan wà tí mo rì mọ́ ojú irin lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ọkọ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ bá rọra ka Fátíà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti dé ọ̀dọ̀ yín. Géètì sì ń gba Fátíà kan kó tó wálẹ̀ tán."

"Bí ẹ̀rọ náà bá ń ṣe nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Á fi í sílẹ̀, á lọ ti géètì ná. Géètì ló ṣáájú ohun gbogbo."

Ràbíátù rẹ́rìn-ín. "Bí mo ṣe ń ṣe nídìí ọṣẹ nìyẹn. Bó bá fẹ́ hó dànù, ọba ìlú ì báà máa kí mi, màá yọ iná ná. Ẹni tí mi ò dá lóhùn á dúró."

Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ bí Sẹ̀gilọlá ti wí. Ọkọ̀ á tẹ irin lọ́ọ̀ọ́kán, iná pupa á tàn lára ẹ̀rọ, géètì á sì wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Sẹ̀gilọlá lọ ká àwọn obìnrin mọ́ ìdí àtẹ, ó ní, "Ẹ gbẹ́kẹ̀ lé e. Bó bá ṣí, ẹ kọjá. Bó bá tì, ẹ dúró." Wọ́n gbà á gbọ́, ọmọ wọn ni. Kò pẹ́ tí wọn ò fi yí ọrùn mọ́ bí wọ́n bá dé ojú irin. Géètì ni wọ́n ń wò.

Ọjọ́ tí Olóyè wá bẹ ẹ̀rọ náà wò ni inú ọ̀rọ̀ dàrú. Ọkọ̀ rẹ̀ gùn, ó dúdú, ó sì ń dán yanran. Bó ṣe kù díẹ̀ kó dé ojú irin ni géètì wálẹ̀ gbìì síwájú rẹ̀. Ọ̀nà sì há mọ́ Olóyè láàárín ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní trotro kan tó kún fún àwọn oníṣu àti kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tó kún fún ẹja yíyan. Ọkọ̀ ojú irin kọjá lọ láìwẹ̀yìn. Nígbà tí géètì ṣí, Olóyè bọ́ sílẹ̀, agbádá rẹ̀ ń gbá ilẹ̀.

"Ta ló ti géètì mọ́ Àrówólò?"

Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ̀rọ ni, sà."

"Ṣé kò rí mi ni?"

"Kò lójú, sà. Ọkọ̀ ojú irin nìkan ló mọ̀."

"Ẹ gbọ́! Ó mọ ọkọ̀ ojú irin, kò mọ Àrówólò!"

Rájí ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Àìlẹ́kọ̀ọ́ ni, sà. Ọmọ Yorùbá kan kì í kọjá lára àgbà láìkí i. Ẹ̀rọ yìí ti òkè òkun dé, kò kí ará ilé, kò kí ará oko, ó kàn sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbààgbà. Ṣé ẹ rí i pé ìwà àwọn òyìnbó ṣì wà lára ẹ̀?"

Bí Olóyè ṣe gbọ́ ìyẹn, ó gun orí àpótí kan, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mi ò ní sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, nítorí mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ láyé. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Gánà! Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá! Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀ àti ẹ̀yin tí a ń kọ́ lọ́wọ́! Òmìnira ha ni pé kí irin máa fojú di èèyàn bí? Ṣé torí èyí la ṣe jìyà? Àrówólò wí pé rárá! Àrówólò tún un wí pé rárá o! Láti òní lọ, bí Àrówólò bá ń bọ̀, ẹ̀rọ yìí yóò kí i. Kì í ṣe kíkí lásán. Yóò ki oríkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin!" Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáwọ́ dúró, Rájí á máa wò ó.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Àgbékẹ́, obìnrin olóhùn iyọ̀ kan ní Kotobabi tó mọ oríkì í ki. Wọ́n gba ohùn rẹ̀ sínú téèpù, wọ́n so ẹ̀rọ agbóhùnsókè mọ́ òkè òpó, wọ́n sì fún Kàsímù ní bọ́tìnnì kan pé kó máa tẹ̀ ẹ́ bó bá rí ọkọ̀ Olóyè. Àsíá pupa ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n gbà á. Olóyè ní orílẹ̀-èdè tuntun ò lè ní àsíá méjì.

Sẹ̀gilọlá ò bá wọn jà. Ó ní, "Kò burú, sà, á máa kì yín. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ojú irin bá dé láàárín rẹ̀, á dá oríkì dúró, á ti géètì, á sì padà wá parí ẹ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Bí wọ́n bá ń ki èèyàn, orí rẹ̀ á máa wú. Kì í rìn kúrò níbẹ̀, kì í yí ojú sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọlúàbí kan kì í já oríkì gbà lẹ́nu ẹni tó ń kì í. Orí tó ń wú lọ́wọ́ kì í dúró láàbọ̀.

Olóyè rọra yọ awò ojú rẹ̀. "Kí wọ́n dá Àrówólò dúró láàárín? Kí wọ́n fi orí mi sílẹ̀ ní àwúkù?"

"Sà, ọkọ̀ ojú irin ò lè dúró."

"Kọ ìwé sí i!"

"Sí ọkọ̀ ojú irin, sà?"

"Sí i! Sọ fún un pé Àrówólò ló ní kó dúró." Ó yíjú sí Rájí. "Àṣẹ mi nìyí: oríkì ló ṣáájú ohun gbogbo. Òjò ì báà rọ̀, ogun ì báà dé, ẹ̀rọ yìí ò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun mìíràn títí oríkì Àrówólò yóò fi parí."

Sẹ̀gilọlá lọ jókòó, ó gbé e yẹ̀ wò lótùn-ún lósì. Oríkì náà ò ju Fátíà kan lọ nígbà náà. Oríkì Fátíà kan, géètì Fátíà kan, ó ṣì ku ẹyọ kan tí ọkọ̀ kò ní tíì dé. Ó ṣe é bí wọ́n ti pàṣẹ, ṣùgbọ́n ó lọ bẹ Olóyè ní ọ́fíìsì, ó ní, "Sà, ibi tó mọ nìyí. Bó bá fi lè ju Fátíà méjì lọ, àfi kí a máa gbàdúrà."

Ta ni ń gbọ́? Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ fi Olóyè jẹ Baba Ìsàlẹ̀, wọ́n bá fi kún oríkì. Ẹgbẹ́ eléré àyò kan ní Alajo fi í jẹ Baálẹ̀ Ọpọ́n, wọ́n tún fi kún un. Ìyàwó rẹ̀ àgbà, Tàíbátù, ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń ki ọkọ tí wọn kì í fi ọwọ́ kan aya, wọ́n sì fi tiẹ̀ náà kún un pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti ìyá ìyá rẹ̀. Àgbékẹ́ ń gba ẹ̀bùn, ó ń kì í lọ. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà ń ki Olóyè títí àwọn oníṣu inú trotro fi ń sùn, tí wọ́n ń jí, tí wọ́n sì ń bi ara wọn pé ṣé wọ́n ti kan orí ọmọ ni àbí ó ṣì ku tàwọn ẹbí.

Ojú Sẹ̀gilọlá ò gba oorun. Ó mọ ohun tí àwọn yòókù ò mọ̀: ọjọ́ tí Olóyè àti ọkọ̀ ojú irin bá pàdé ni èèyàn á kú. Títí di ìgbà yẹn wọn ò tíì pàdé. Nítorí náà ni gbogbo ìlú fi ń sọ pé ẹ̀rọ náà dára.

Ó lọ bá ìyá rẹ̀ àti àwọn obìnrin náà. "Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé géètì yẹn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gba ọ̀nà mìíràn."

Ràbíátù gbé agbada ọṣẹ rẹ̀ kalẹ̀. "Sẹ̀gi, ìwọ lo ní ká gbẹ́kẹ̀ lé e."

"Mo mọ̀, Ìyá. Nígbà yẹn òótọ́ ni."

"Ó ń tì, a ń rí i pé ó ń tì. Àwọn oníbàárà mi wà lódì kejì, ọ̀nà mìíràn á gbà mí di ọ̀sán. Kí ló wá ṣe é?"

Ó ṣàlàyé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ bẹ̀rù ohun tí ẹ fojú ara yín rí tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ṣé ẹ máa bẹ̀rù? Àwọn obìnrin náà kí i, wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n sì gbé ẹrù wọn. Sẹ̀gilọlá jókòó sórí àpótí ọṣẹ, ó sunkún gidi. Ọ̀rọ̀ ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìyá rẹ̀ di ẹni tí kì í yí ọrùn.

Ṣé ẹ rò pé Rájí ò gbọ́? Rájí gbọ́. Ní ọjọ́ kejì wọ́n pe Sẹ̀gilọlá wọ ọ́fíìsì. Olóyè wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"A gbọ́ pé o ba ẹ̀rọ ìjọba lórúkọ jẹ́ lójú àwọn ọlọ́ṣẹ."

"Mo sọ òótọ́ ni, sà. Ìyá mi ń gbabẹ̀."

"Ìyá rẹ! Ṣé ìyá rẹ joyè ni?"

"Rárá, sà."

"Nítorí náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Máa lọ sílé. Àrówólò dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́."

Ọjọ́ ńlá tí Olóyè fẹ́ fi ẹ̀rọ náà han gbogbo ayé wá dé. Ètò tí Rájí ṣe dára lórí ìwé: ayẹyẹ á bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, á parí kí ọkọ̀ ojú irin Kùmásì tó dé ní aago mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n aago wo ni wọ́n fi ń wò ó? Aago ọ́fíìsì ni o! Olóyè ò jí bọ̀rọ̀, ó ń to fìlà mọ́jú dígí. Rájí ń di ikùn aago mú, ọwọ́ ń ro ó. Nígbà tí aago ọ́fíìsì gbà láti lu mẹ́jọ, oòrùn ti gbóná lórí Kotobabi. Wọ́n tún lo wákàtí kan kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Wọ́n jáde ní "aago mẹ́sàn-án" tí gbogbo àlejò ti ń fi ìwé ìpè fẹ́ ara wọn, tí ọkọ̀ Kùmásì sì ti ń fọn fèrè bọ̀ lọ́nà. Ọkọ̀ ojú irin ò mọ Rájí.

Wọ́n ti ká òrùlé ọkọ̀ dúdú Olóyè sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí dẹ́rẹ́bà rẹ̀, Àmúdà, dúró gan-an láàárín ojú irin, nítorí ilẹ̀ ga níbẹ̀, gbogbo èèyàn á sì rí i dáadáa. Ó dìde dúró nínú ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Kàsímù tẹ bọ́tìnnì. Ohùn Àgbékẹ́ sì gba òkè òpó jáde:

"Àlàní, ọmọ Àrówólò,
ọkùnrin gbàǹgbà tí í jókòó kí àga ó dúpẹ́,
a-wọlé-kí-aago-ó-tó-lù,
a-sín-kí-yàrá-kejì-ó-gbọ́..."

Olóyè di ojú. Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Sẹ̀gilọlá wà lẹ́yìn èrò. Ẹni tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni, kò sí ẹni tó pè é, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò yé gba ibẹ̀, òun náà ò sì yé wá. Ó rí iná pupa tó tàn lára ẹ̀rọ. Ọkọ̀ ti tẹ irin. Ẹ̀rọ náà mọ̀. Ó mọ̀ dájú, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọ ní ìwà ọmọlúàbí, ó sì ń dúró kí oríkì parí. Oríkì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kan Ọpọ́n Àyò ni.

Ní àkókò yẹn gan-an ni Ràbíátù ń bọ̀ pẹ̀lú agbada ọṣẹ lórí. Ó wo géètì. Géètì ṣí gbayawu. Ó bọ́ sí ojú irin, kò yí ọrùn, ariwo agbóhùnsókè sì bo fèrè ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

"Ìyá o! Ìyá!" Sẹ̀gilọlá ń sáré, ó ń ti èrò lọ́tùn-ún lósì. Obìnrin kan tó ń ta dòkónù náà rí i, ó kígbe, "Ei! Maame Alata! Maame Alata e!" Ràbíátù rò pé oníbàárà ló ń pe òun, ó dúró láàárín ojú irin, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sọ agbada kalẹ̀.

Àmúdà dẹ́rẹ́bà ló kọ́kọ́ rí èéfín. "Olóyè! Ọkọ̀ ojú irin!"

"Ṣé o ò gbọ́ pé wọ́n ń ki ìyá ìyá Tàíbátù ni?" ni Olóyè dá a lóhùn láìlajú.

Ẹ gbọ́ o, Àmúdà ò dúró gba àṣẹ mọ́. Ó dì mọ́ etí agbádá Olóyè, ó fi gbogbo agbára fà á, àwọn méjèèjì sì jọ ṣubú lulẹ̀ wọ inú kòtò ìdọ̀tí ẹ̀gbẹ́ títì. Lódì kejì, Sẹ̀gilọlá ti kọlu ìyá rẹ̀, agbada fò lọ sókè, ọṣẹ fọ́n ká, ìyá àti ọmọ yí gbirigbiri lọ sínú koríko. Ọkọ̀ Kùmásì dé pẹ̀lú igbe irin. Awakọ̀ rẹ̀ ń fa ìjánu, ṣùgbọ́n ó dìgbà tó gbé ọkọ̀ dúdú tó ń dán náà síwájú tó sì ká a wé bí àkísà kó tó dúró.

Kò sí ẹni tó kú. Ẹ ṣàmín.

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, àfi Àgbékẹ́ lókè òpó tó ṣì ń kì í. Ó ki Olóyè dé òpin, kò fo ìlà kan, nígbà tí Olóyè ń wá bàtà rẹ̀ kan nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó kì í tán, ẹ̀rọ náà rántí iṣẹ́ rẹ̀. Géètì wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì ti gbogbo àwọn ẹni ọ̀wọ̀ mọ́ inú ojú irin pẹ̀lú ọkọ̀ Kùmásì. Àfìgbà tí wọ́n fi ikùn wọ́ kọjá lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú agbádá wọn ni wọ́n tó rọ́nà jáde.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Olóyè dúró síwájú wọn, ó ní ẹ̀bi ọkọ̀ ojú irin ni, pé ó tètè dé, pé aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ni nígbà náà, àti pé òun ti ní kí wọ́n kọ ìwé sí i. Alága ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n gbé aago náà wá. Wọ́n pe Rájí, Rájí sì jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ kí wọ́n tó bi í. Ó ní wọ́n fi ipá mú òun ni, apá òun sì ń dun òun di òní. Lẹ́yìn náà ó wo ojú alága, ó ní, "Sà, ẹ mọ ìbéèrè é béèrè o! Ìbéèrè yín jìn gan-an ni!" Ẹ wò ó, àwọn kan wà tí omi ò lè gbé lọ.

Wọ́n gba àga lọ́wọ́ Àrówólò, wọ́n gba ọ́fíìsì, wọn ò sì fún un ní ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n bẹ Sẹ̀gilọlá kó padà síbi iṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó nu oríkì kúrò, ó sì fi géètì síwájú ohun gbogbo bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó dán an wò títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ṣì fi aṣọ gbé apá kan kọ́ ọrùn láti ọjọ́ tí wọ́n ṣubú. Ó kàn ní, "O ṣeun, ọmọ mi," ó sì ń se ọṣẹ rẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àrówólò ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Alajo. Géètì wálẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó fẹ́ pariwo, kò sí Rájí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì dúró bí gbogbo èèyàn. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Ràbíátù pẹ̀lú agbada ọṣẹ. Obìnrin náà mọ̀ ọ́n. Ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ.

"Ẹ kú ìdúró, sà."

Ọkùnrin náà wúkọ́. Ojú tì í, ojú tì í gan-an, ẹ jẹ́ kí a má purọ́ mọ́ ọn. "Ẹ ṣé o, Ìyá," ló ní, ohùn rẹ̀ sì kéré.

Ọkọ̀ ojú irin kọjá. Géètì ṣí. Àwọn èrò tú kọjá, ṣùgbọ́n Ràbíátù ò gbé ẹsẹ̀. Ó yí ọrùn sí ọ̀tún pẹ̀lú agbada lórí, ó yí i sí òsì, ó sì tún padà wo ọ̀tún. Sẹ̀gilọlá ń wò ó láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ, ó sì ń dùn ún.

"Géètì ti ṣí, Ìyá," ni Àrówólò wí. "Kí lẹ tún ń wò?"

"Mò ń wò ó bóyá wọ́n tún ń ki ẹnì kan lọ́wọ́ ni, sà."

Àrówólò náà yí ọrùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì tẹ̀ lé e kọjá.